Ṣé amọ̀ etí odò lè fọ omi aró?

ÌBÉÈRÈ, láti ọ̀dọ̀ Aláró Bẹẹrẹ

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìkàlẹ̀. Iṣẹ́ àdìrẹ ni mò ń ṣe, ẹ̀yìn ilé bàbá wa ní Bẹẹrẹ, nílùú Ìbàdàn, ni a ti ń rẹ aṣọ. Láti bí ọdún kan ni àwọn aládùúgbò ti ń pariwo pé omi tí à ń dà sí gọ́tà ti ń yọ sínú kànga wọn. Ìyá kan tilẹ̀ bu omi kànga rẹ̀ sínú ike funfun, ó gbé e wá fi hàn mí. Mi ò lè sọ pé irọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní òun kà á níbì kan pé amọ̀ tí wọ́n ti tún ṣe máa ń fa àwọ̀ kúrò nínú omi, pé kò ba àyíká jẹ́, kò sì wọ́n. Amọ̀ kún etí odò lọ́dọ̀ wa. Ṣé kí n kàn lọ wà á, kí n dà á sí dúrọ́ọ̀mù, kí ọ̀rọ̀ parí? Àbí ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ìwé lásán ni? Ẹ má fi gírámà bò mí mọ́lẹ̀ o.

* * *

Bàbá Láàbù:

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Aláró. Ẹ má tíì wa nǹkan kan. Bí ẹ bá da amọ̀ etí odò sí dúrọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀, ẹrẹ̀ aláwọ̀ búlúù ni ẹ ó bá nísàlẹ̀ ní ọjọ́ kejì, omi orí rẹ̀ á sì dúdú síbẹ̀. Mo ti ṣe é rí. Ìyẹn ò sọ pé ẹ̀gbọ́n yín parọ́.

Amọ̀ kì í ṣe ọ̀kan. Ní agbègbè Ìbàdàn, òkúta àtayébáyé ló wà lábẹ́ wa. Òjò àti oòrùn ti ń jẹ ẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, èyí tó sì pọ̀ jù nínú amọ̀ tó kù ni wọ́n ń pè ní káólínì. Ìbátan ẹfun tí wọ́n ń tà lọ́jà ni. Ó dára fún ìkòkò, ó dára fún tánganran, ṣùgbọ́n tó bá di ká fa nǹkan mọ́ra, ọ̀lẹ ni. Gbogbo ojú tí gíráàmù kan rẹ̀ ní kì í sábà ju mítà onígun mẹ́rin 10 sí 20 lọ.

Èkejì ni béńtónáìtì. Amọ̀ tó máa ń wú bí ẹ̀bà tí omi bá kàn án, tó sì máa ń là yẹ́yẹ́ lẹ́ẹ̀rùn, ìhà Borno àti Gombe ló pọ̀ sí nílẹ̀ wa. Ìpele tín-ín-rín ló tò lérí ara wọn nínú rẹ̀, omi sì lè wọ àárín ìpele sí ìpele. Bí a bá ka gbogbo ojú ìpele wọ̀nyẹn pọ̀, gíráàmù kan ṣoṣo lè ní nǹkan bí mítà onígun mẹ́rin 700. Púlọ́ọ̀tì ilé kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 kò tó bẹ́ẹ̀. Gíráàmù kan o!

Ẹ dán tiyín wò kí ẹ tó náwó. Ẹ sá a, ẹ gún un, ẹ jọ̀ ọ́, ẹ bu ṣíbí kan sínú ife omi, ẹ má rò ó. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tó ṣì jókòó nísàlẹ̀ bí ẹlùbọ́ tó rì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ káólínì. Bó bá ti wú dé ìdajì ife, ẹ pè mí.

* * *

Bàbá Láàbù:

Ẹni mẹ́rin ti bi mí pé kí ni wọ́n ń tún ṣe lára amọ̀ gan-an. Ó dáa.

Ojú amọ̀ ní agbára nẹ́gétíìfù. Ohun tó bá ní pọ́sítíìfù lára, bí òjé àti bàbà tó ti yọ́ sínú omi, tàbí àwọ̀ búlúù tí wọ́n ń pè ní methylene blue, á sáré lọ lẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tó bá ní nẹ́gétíìfù bíi tirẹ̀, ńṣe ni wọ́n máa ń ti ara wọn dànù bí orogún. Nítorí náà, àwọn tó ń tún amọ̀ ṣe ń wá bí wọ́n á ṣe ṣí i sílẹ̀ sí i tàbí bí wọ́n á ṣe yí ìwà rẹ̀ pa dà.

Àwọn kan ń sè é nínú ásíìdì. Ásíìdì á jẹ irin, mágníṣíọ̀mù àti alumíníọ̀mù díẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ihò wẹ́wẹ́ á ṣí. Àwọn mìíràn ń fi èròjà kan rọ́pò iyọ̀ tó wà láàárín ìpele rẹ̀, irú èyí tó wà nínú kọndíṣánà irun, tó máa ń jẹ́ kí irun rọ̀. Amọ̀ tó jẹ́ pé omi ló fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ á wá di olólùfẹ́ epo, ojú rẹ̀ tilẹ̀ lè yí láti nẹ́gétíìfù sí pọ́sítíìfù. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó pa dà sí i.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni amọ̀ olópòó. Gbogbo aláró Ìbàdàn ló mọ Ìbàdándùn, àdìrẹ tí òpó Màpó wà lára rẹ̀. Ẹ ro gbọ̀ngàn Màpó yẹn wò, tí wọ́n ṣí ní 1929. Ká ní wọ́n yọ àwọn òpó rẹ̀, òrùlé á wó jókòó sílẹ̀, kò ní sí ibi tí èèyàn á gbà wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni béńtónáìtì ṣe máa ń ṣe tí omi inú rẹ̀ bá gbẹ: ìpele á wó lé ìpele. Kí ó má baà wó, wọ́n á ti èròjà alumíníọ̀mù kan, tí átọ́ọ̀mù alumíníọ̀mù 13 wà nínú ẹyọ rẹ̀, bọ àárín àwọn ìpele, wọ́n á wá yan án ní nǹkan bí 400 sí 500 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ̀sì. Èròjà yẹn á le, á di òpó. Láti ìpele kan dé èkejì á di nǹkan bí nanomítà 1.8 (nanomítà kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mílímítà kan), àyè á wà fún ohun tó bá fẹ́ wọlé.

Bó bá jẹ́ irin ni wọ́n fi ṣe òpó, tí wọ́n sì da háídírójìn pẹ́rọ́kísáìdì sí omi náà, amọ̀ ò ní fa àwọ̀ mọ́ra nìkan, wọ́n á jọ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ ni. Ibi tó ti di amúṣẹ́yá nìyẹn, ohun tó ń mú kí iṣẹ́ yá tí òun fúnra rẹ̀ kì í sì í tán. Ẹ mọ bí àwọn àgbà ṣe máa ń wí pé ìyàwó mọjú ọkọ tán, alárenà yẹ̀ba. Amúṣẹ́yá, alárenà ni: ó so wọ́n pọ̀, ó yẹ̀ba, ó tún ń wá tọkọtaya mìíràn.

* * *

Bàbá Láàbù:

Ọ̀rẹ́ wa kan ní kí n yéé fi amọ̀ yangàn, pé iṣẹ́ ìyá alámọ̀ ni, kì í ṣe sáyẹ́ǹsì. Ní 1937, ilé ìfọpo kan ní Marcus Hook, ní Pennsylvania, bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ̀nà tí ará Faransé kan, Eugène Houdry, hùmọ̀ láti fọ́ epo tó ki di pẹtiróòlù. Amọ̀ tí wọ́n fi ásíìdì ṣe ni amúṣẹ́yá rẹ̀. Ohun àtọwọ́dá àti síóláìtì, ìyẹn òkúta oníhò wẹ́wẹ́, ló wá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó yá. Ó tó bẹ́ẹ̀.

* * *

Bàbá Láàbù:

Ọmọ Ọ̀jẹ̀, mo ka tiyín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà pé ẹ ò ṣe àwàdà. Ẹ ní kí ìyá lọ bá rewáyà, kí wọ́n gba omi bátìrì tó ti kú, kí wọ́n fi se amọ̀, pé ásíìdì ni ásíìdì ń jẹ́. Ẹni mẹ́ta ló sì ti gbè yín lẹ́sẹ̀.

Òjé ló wà nínú bátìrì mọ́tò. Ásíìdì tó bá òjé gbé ọdún méjì, mẹ́ta, òjé ti wọ̀ ọ́. Ẹ ó wá fi òjé fọ aró, ẹ ó sì pè é ní ọ̀rẹ́ àyíká? Ní 2010 ní Zamfara, òjé inú eruku òkúta góòlù tí wọ́n ń lọ̀ nínú agbo ilé pa ọmọdé tó ju 400 lọ. Àwọ̀ ò sí lára rẹ̀, òórùn ò sí lára rẹ̀.

Ká tilẹ̀ ní ásíìdì tuntun ni. Lẹ́yìn tí ẹ bá se amọ̀ tán, ẹ gbọ́dọ̀ fi omi ṣàn án léraléra títí ásíìdì á fi tán lára rẹ̀. Omi ìṣàn yẹn, tó kún fún ásíìdì àti irin, ẹ fẹ́ dà á síbo? Ìbéèrè tí kì í sí nínú àwọn ìwé tó ń yin amọ̀ nìyẹn. Ohun tó bá kúrò ní gọ́tà Bẹẹrẹ, odò ló ń lọ. Ẹni tó bá rántí omíyalé odò Ògùnpa ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980 mọ̀ pé gọ́tà ìlú yìí kì í gbàgbé ohun tí a bá dà sí i.

* * *

Bàbá Láàbù:

Ẹ jẹ́ ká pa dà sí ìkòkò aró. Ìyá Aláró ti fèsì pé àwọ̀ oníyẹ̀fun ni àwọn ń lò, pẹ̀lú sódà kọ́sítíìkì àti háídírósì (ìyẹ̀fun tó ń jẹ́ kí àwọ̀ aró yọ́ sínú omi), kì í ṣe ẹ̀lú àti omi eérú bíi ti ìyá wọn. Gbogbo nǹkan yí pa dà níbí yìí.

Ẹ̀yin náà ń rí i lójoojúmọ́: aṣọ máa ń jáde nínú aró ní àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ á kàn án, á di búlúù. Nígbà tó ṣì wà nínú háídírósì, àwọ̀ náà yọ́ sínú omi, ó sì ní nẹ́gétíìfù lára. Amọ̀ lásán náà ní nẹ́gétíìfù. Orogún! Ìdí tí amọ̀ etí odò ò fi ní ràn yín lọ́wọ́ nìyẹn, kódà bó jẹ́ béńtónáìtì. Amọ̀ onírú kọndíṣánà ló lè gbà á. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án tán, àwọ̀ náà kì í lè yọ́ sínú omi mọ́. Á di yẹ̀tùyẹ̀tù, á sì fẹ́ rì.

Àwọ̀ nìkan kọ́ sì ni wàhálà yín. Àwọ̀ ni ojú ń rí, sódà ló ń ba ilẹ̀ jẹ́. pH ni òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tàbí bó ṣe ní sódà tó: 7 ni àárín, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kan, òkè rẹ̀ ní sódà. Àlà tí òfin àyíká fi sílẹ̀ fún irú omi bẹ́ẹ̀ ni pH 6 sí 9. Omi aró onísódà máa ń kọjá 11 dáadáa. Kò sí amọ̀ tó máa gbé ìyẹn fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí èmi á ṣe ṣe é rèé. Ẹ da omi aró tó ti lò sínú ọpọ́n fífẹ̀, ẹ máa fi igi rò ó láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ méjì, mẹ́ta, kí afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́. Ẹ má tíì da ohun kíkan kankan sí i o! Háídírósì tó bá pàdé ásíìdì á tú afẹ́fẹ́ sọ́fọ́rọ̀ jáde, irú èyí tó máa ń gún èèyàn nímú títí omi á fi dà lójú. Ẹni tí mímí máa ń nira fún, bí oní-ásímà, ó léwu fún un. Ìgbà tí omi ò bá ti yí àwọ̀ pa dà mọ́ ni kí ẹ wá pa agbára sódà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa ki bébà pH bọ̀ ọ́ títí tó fi máa wọ 7 tàbí 8. Mo gbìyànjú omikan ògì rí. Ó ṣiṣẹ́ fún ike kékeré kan, àmọ́ fún dúrọ́ọ̀mù ẹ ó gba omikan gbogbo ológì Ọjà'Ọba, òórùn rẹ̀ á sì dá ìjà mìíràn sílẹ̀ ládùúgbò. Ásíìdì tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ti fi omi púpọ̀ dín agbára rẹ̀ kù fún yín ló máa yá. Lẹ́yìn náà ni álọ́ọ̀mù díẹ̀, kí yẹ̀tùyẹ̀tù so pọ̀ kó sì rì. Èyí tó bá kù lókè tó ṣì ní àwọ̀ ni iṣẹ́ amọ̀.

Ẹ fi ìgò dán an wò kí ẹ tó fi dúrọ́ọ̀mù ṣe é. Ìgò márùn-ún, lítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ yá ìwọ̀n kékeré lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe kéèkì: gíráàmù 1 nínú àkọ́kọ́, 2 nínú èkejì, 5, 10, kí ẹ sì fi ìkarùn-ún sílẹ̀ láìsí amọ̀ rárá. Ẹ mì wọ́n, ẹ jẹ́ kó sùn, ẹ gbé wọn síwájú àwo funfun. Ìgò tí kò ní amọ̀ yẹn, ẹ má fò ó. Òun ni ẹlẹ́rìí.

* * *

Bàbá Láàbù:

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgbowó fi ìbínú kọ̀wé pé lọ́dọọdún làwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa ń kọ iṣẹ́ àṣejáde lórí amọ̀ tó ń fa òjé, síbẹ̀ kò sí ẹni tó rí i rà lọ́jà. Mo gbà á ní ìdajì.

Ìdajì tí mi ò gbà: iṣẹ́ gidi wà níbẹ̀. Ní 2005, Káyọ̀dé Adébọ̀wálé, tó wá di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní 2021, pẹ̀lú Unuabonah àti Olú-Òwòlabí, tẹ iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n ti fi fọ́síféètì àti sọ́fẹ́ètì tún káólínì ṣe, tí wọ́n sì wo bó ṣe ń fa òjé, bàbà, síńkì àti kádímíọ̀mù mọ́ra. Ẹ rí i? Káólínì tí mo pè ní ọ̀lẹ lókè yẹn, wọ́n gbé e níṣẹ́. Unuabonah tún wá da kóró ìbẹ́pẹ pọ̀ mọ́ káólínì, wọ́n sun ún, ó sì gba irin olóró ju amọ̀ nìkan lọ. Kóró ìbẹ́pẹ, tí a máa ń tu dànù!

Ìdajì tí mo gbà: nínú láàbù, omi mímọ́ gaara ni wọ́n ń bu òjé kan ṣoṣo sí. Omi Bẹẹrẹ ní iyọ̀, ọṣẹ, sódà, sítáàṣì àti ohun tí ọmọdé jù sí i, gbogbo wọn ló sì ń du àyè lójú amọ̀. Èkejì, amọ̀ kúnná jù. Ẹ kó béńtónáìtì sínú páìpù kí omi máa gba ibẹ̀ kọjá, á wú, á dí i pa. Bí ẹ bá ṣù ú kí ẹ sun ún kó lè dúró, ojú tó ní á dín kù. Láàárín wàhálà méjèèjì yìí ni iṣẹ́ tó pọ̀ ń kú sí, kì í ṣe pé àwọn ọmọ náà ò mọ nǹkan.

* * *

Bàbá Láàbù:

Elépo Bódìjà, ẹ bi mí bóyá amọ̀ ni wọ́n fi ń bó epo pupa. Mo mọ̀ pé ìbéèrè tiyín yà kúrò lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó dun mọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ ni, amọ̀ oní-ásíìdì ni wọ́n fi ń bó epo pupa kó tó di epo tó mọ́ gaara. Epo á gbóná dé nǹkan bí 90 sí 110 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ̀sì, wọ́n á fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú àgbá, wọ́n á da amọ̀ bí ìdá kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún sí i, wọ́n á sì sẹ́ ẹ.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ojú mi rí. Mo ṣiṣẹ́ rí ní ilé ìbóepo kékeré kan, mi ò ní dárúkọ. Ọ̀gá ní kí a máa kó amọ̀ tó ti lò sínú àpò, kí a tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà, pé ẹnì kan máa rà á. Ẹni náà ò wá. Oṣù kejì ọdún ni, oòrùn mú gan-an. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, asọ́nà ní òun ń gbóòórùn bí ìgbà tí wọ́n ń dín àkàrà. Ká tó dé ibẹ̀, àpò ti ń rú èéfín láti inú wá. Kò sí ẹni tó ṣáná, kò sí wáyà níbẹ̀. Wọ́n mú asọ́nà pé ó mu sìgá. Ọkùnrin náà ò mu sìgá rí láyé rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo tó mọ ìdí rẹ̀. Amọ̀ tó ti lò máa ń gbé epo tó tó ìdá ogún sí ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ dání. Epo tó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí ojú tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa jẹ ẹ́, amọ̀ náà á sì máa mú ìjẹ náà yá, torí amúṣẹ́yá ni, kò mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí. Ooru á pọ̀ nínú àpò, kò rí ibi gbà jáde, á gbiná. Ẹ̀yin tó ń sọ pé amọ̀ kò lè pa ẹnikẹ́ni lára, mo ti fi bọ́kẹ́ẹ̀tì pa iná amọ̀ rí.

* * *

Bàbá Láàbù:

Ẹni tó béèrè bóyá aboyún lè máa jẹ ẹfun: rárá. Káólínì inú oògùn inú rírun ni wọ́n ti fọ̀ mọ́. Èyí tó wà lórí àtẹ, ẹ ò mọ ibi tí wọ́n ti wà á, òjé sì lè wà nínú rẹ̀. Ẹ lọ rí nọ́ọ̀sì yín.

Ẹni tó ní èédú dára jù: fún àwọ̀ àti òórùn, òótọ́ ni, ó máa ń ṣe dáadáa ju amọ̀ lásán lọ. Àmọ́ èédú tí a fi ń yan àgbàdo kọ́ ni wọ́n ń sọ. Èyí tí wọ́n ti sọ jí, ìyẹn tí wọ́n ti ṣí ihò wẹ́wẹ́ inú rẹ̀, owó rẹ̀ lé. Igi tí wọ́n ń gé fún èédú náà sì ńkọ́?

* * *

ALÁRÓ BẸẸRẸ pa dà wá:

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Mo ṣe bí ẹ ṣe wí. Amọ̀ wa kò wú rárá, ó jókòó bí ẹlùbọ́. Mo ṣe ìgò márùn-ún náà síbẹ̀. Ìgò tí mo da gíráàmù 5 sí àti èyí tí mo da 10 sí mọ́ díẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni ìgò tí kò ní amọ̀: òun náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ tó wọn! Ṣé mo ṣe àṣìṣe ni? Ẹrẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ńkọ́, ibo ni kí n kó o sí?

* * *

Bàbá Láàbù:

Ẹ ò ṣe àṣìṣe. Ẹlẹ́rìí ti jẹ́rìí, ó sì ta ko èmi náà díẹ̀. Afẹ́fẹ́ àti álọ́ọ̀mù ló ṣe iṣẹ́ yín, amọ̀ kàn tẹ̀ lé wọn ni. Ẹ tọ́jú owó amọ̀, ẹ fi ra bébà pH àti ọpọ́n tó fẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í lo àwọn àwọ̀ mìíràn tí kì í rì, ìgbà yẹn ni ká tún pe amọ̀.

Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀, ẹ má dà á sí oko ẹ̀fọ́, ẹ má dà á pa dà sí gọ́tà. Ẹ sá a lórí ọ̀rá, kó gbẹ. Alámọ̀ tó ń sun bíríkì lè po díẹ̀ mọ́ amọ̀ tirẹ̀. Iná á jó àwọ̀ náà. Àwọ̀ nìkan ni mo sọ o. Bó bá jẹ́ òjé ló wà nínú rẹ̀, iná ò lè jó òjé, mi ò sì ní fún yín nímọ̀ràn yìí.

Ti ìyá oníkànga: bí omi rẹ̀ bá tilẹ̀ mọ́ gaara lọ́la, kó má mu ún lórí ọ̀rọ̀ wa. Ẹ gbé bébà pH lọ bá a, kí ẹ jọ ki bébà náà bọ omi kànga rẹ̀, kó rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀, kí ẹ sì jọ gbé ìgò kan lọ fún àwọn tó ń yẹ omi wò. Ẹ kọ iye tí ẹ bá rí síbí.